Kí Ẹ Tó Gbé Ilé Yín Sọ́jà: Títa Ilé Nígbà Àkọ́kọ́ Ní Àbújá

Ọ̀rọ̀ tí estate surveyor kan (ẹni tó ń díye lé ilé, tó sì ń bá èèyàn tà á) bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ níbi ìpàdé wọn ní Kubwa, tí a tún kọ sílẹ̀ fún kíkà.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Alága ti fọgbọ́n sọ fún mi pé oúnjẹ ti délẹ̀, pé kí n má ṣe bí àwọn tó ṣáájú mi. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-kánjú-sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀.

Àwọn tó ń wá bá mi ní ọ́fíìsì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, púpọ̀ nínú wọn ò ta ilé rí. Wọ́n ti ra ilẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti gba ayálégbé, wọ́n sì ti lé ayálégbé. Títa ni wọn ò ṣe rí. Kò yani lẹ́nu. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ kó kúrò l'Ékòó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wọn kó wá. Nígbà tó di 2005 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú rẹ̀, wọ́n dá èsúsú, wọ́n yá owó báńkì, wọ́n rà á. Àwọn náà ló ti fẹ̀yìntì báyìí. Ọmọ kan wà ní Kánádà, èkejì wà ní London, ilé oníyàrá mẹ́rin wá ku bàbá àti ìyá, orúnkún ò sì gba àtẹ̀gùn mọ́. Ilé làbọ̀ sinmi oko: wọ́n fẹ́ padà sí Ọ̀ffà, wọ́n fẹ́ padà sí Ìkìrun, sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi, bá wa wá ẹni tó máa rà á."

Èmi kì í kọ́kọ́ béèrè pé yàrá mélòó. Màá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé." Àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n á ní ṣé mo rò pé wọ́n jí ilé gbé ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Àbújá yìí, ìwé là ń tà. Ilé tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá mọ́, bí ògiri rẹ̀ tiẹ̀ sán, á rí i tà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá dojú rú, bó fi máàbù tẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná, owó tí kò tó ni wọ́n máa dá lé e, tàbí kí wọ́n wò ó tán kí wọ́n má padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi Èkó àti Ìbàdàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́hùn-ún, ìdílé ló nilẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, gbogbo yín ló sì mọ ọmọ onílẹ̀. Níbí, òfin tó dá FCT, agbègbè olú-ìlú tí Àbújá wà nínú rẹ̀, sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976 gba gbogbo ilẹ̀ náà fún Ìjọba Àpapọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 tún un sọ ní abala 297. Mínísítà FCT ló ń fún èèyàn láyè lórí ilẹ̀ yìí. Ohun tí C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, fún yín ni ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà fún ọdún 99. Tí ti yín bá bẹ̀rẹ̀ ní 1985, 2084 ló máa parí. Ohun tí ẹ fẹ́ tà ni àwọn ọdún tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀tọ́ yẹn, pẹ̀lú ilé tó wà lórí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíì láìgba ìyọ̀ǹda. Ní ìpínlẹ̀, gómìnà ló ń fọwọ́ sí i; níbí, Mínísítà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ olórí abúlé ńkọ́, tí wọ́n fi kólà àti ìwé pélébé kan sàmì sí i? Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín níwájú oúnjẹ. Ẹ wá rí mi lẹ́yìn ìpàdé.

Ó dáa. Oríṣi ìwé wo ló wà nínú àpò yín? Màá yára lórí àwọn kan, màá sì dúró pẹ́ lórí ọ̀kan tó ń pa àwọn èèyàn wa lẹ́kún jù.

Tó bá jẹ́ C of O tó wà lórúkọ yín, ẹ wò ó bóyá èyí tí AGIS tẹ̀ ni. AGIS ni ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ilẹ̀ FCT sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí El-Rufai jẹ́ mínísítà, láàárín 2003 sí 2007, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní C of O àtijọ́ mú un wá kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ò lọ. Títí dòní, àtijọ́ yẹn ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, lọ́yà olùrà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ láti ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé Federal Housing Authority (FHA), iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́lé, ni, bíi ti Gwarinpa tàbí ti FHA níbí ní Kubwa, lẹ́tà tí FHA fún ẹni àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀, ọ̀dọ̀ FHA náà lẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìyípadà orúkọ. Tó bá jẹ́ ilé inú estate tí developer kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ developer ni gbogbo ilẹ̀ estate náà wà, tí tiyín jẹ́ lẹ́tà àti rìsíìtì. Ní 2025 ni ìjọba FCT kéde pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún onílé kọ̀ọ̀kan nínú irú estate bẹ́ẹ̀ ní ìwé tirẹ̀. Ẹ lọ béèrè ibi tí wọ́n bá a dé ní estate yín kí ẹ tó tà, torí ilé tó ní ìwé tirẹ̀ àti èyí tó wà lábẹ́ ìwé developer kì í gba owó kan náà. Ìwé area council, ìjọba ìbílẹ̀ ti FCT, sì wà, èyí tó kún Lugbe, Kuje àti Karu. Ọjọ́ pẹ́ tí ìjọba FCT ti ń sọ ọ́ pé Mínísítà nìkan ló láṣẹ àtifúnni ní ilẹ̀, pé kí àwọn tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá tún un ṣe. Wọ́n ń rà á o, wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ẹ máa retí owó tó kéré.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni power of attorney, ìwé àṣẹ tí èèyàn fún ẹlòmíì.

Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi, nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n gbé ìwé wọn wá nínú àpò ọ̀rá dúdú, ó ń rùn káńfọ̀, pín-ìnnì tí wọ́n fi so ó ti dípẹtà mọ́ ọn lára. Mo tú u. Lẹ́tà ìfúnnilẹ̀ wà níbẹ̀, ti àtijọ́. Power of attorney wà níbẹ̀, láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ sí ẹnì kejì. Òmíràn tún wà, láti ọwọ́ ẹnì kejì sí ọwọ́ ìyá. Deed of assignment, ìwé tó ń gbé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ fún olùrà, wà, fọ́tò pélébé méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Ìyá ní, "Ṣé ó pé?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe search, ká yẹ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ náà wò." A san owó search ní AGIS. Nígbà tí èsì jáde, orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìyá. Kì í ṣe ti ẹnì kejì náà. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́, tí ìyá ò fojú kàn rí, ló ṣì wà níbẹ̀ gbọnin.

Bí wọ́n ṣe ń rà á tí wọ́n ń tà á ní ìlú yìí nìyẹn. Ẹ̀rù owó ìyọ̀ǹda Mínísítà ló ń ba àwọn olùrà. Wọ́n á ní, "Ìwé ti wà lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún ń wá?" Wọ́n á tọ́jú power of attorney sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á máa gbé ilé lọ. Bẹ́ẹ̀ power of attorney kì í gbé ilé fúnni. Àṣẹ ló fúnni láti ṣe nǹkan lórúkọ ẹlòmíì. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ láti 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara, pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sọ́wọ́ ẹlòmíì. Lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ fún olùrà rẹ̀ pé kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní AGIS wá fọwọ́ sí i.

Níbo la ti fẹ́ rí i? Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ti kú. A wá àwọn ọmọ rẹ̀ títí, a rí wọn ní Jos. Wọn ò gba lẹ́tà ilé-ẹjọ́ láti máa bójú tó ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀, torí náà wọn ò lè fọwọ́ sí ohunkóhun. Ọ̀kan nínú wọn tún gbọ́ iye tí ilé ń lọ lónìí, ojú rẹ̀ yàtọ̀. Olùrà tó ti múra sílẹ̀ ní tòun ò lè dúró, ó lọ ra ti ẹlòmíì ní Gwarinpa. Ìyá ta ilé náà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ ò tó èyí tí olùrà àkọ́kọ́ fẹ́ san, wọ́n sì ti ná púpọ̀ lára rẹ̀ sórí lọ́yà kó tó débẹ̀.

Ẹ ṣe search fúnra yín kí olùrà tó ṣe é. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn, kódà kí n má sọ òmíràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé. Ẹ ó rí orúkọ tó wà níbẹ̀, bí ilẹ̀ ti fẹ̀ tó, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe, gbèsè tó wà lórí rẹ̀, àti bóyá ẹnì kan ti gbé caveat, ìwé ìkìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lórí ilé náà, lé e. Mo ti rí bàbá kan tó san gbèsè báńkì tán láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí báńkì fún un ní lẹ́tà pé kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò mú ìwé ìtúsílẹ̀ lọ sí AGIS, báńkì náà ti wọ inú báńkì mìíràn, àkọsílẹ̀ sì ṣì ń sọ pé ilé náà jẹ́ ohun ìdúró fún gbèsè. Èèyàn lè tún irú èyí ṣe bó bá tètè mọ̀. Tó bá jẹ́ olùrà ló kọ́kọ́ rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ohun yòókù tí ẹ bá sọ.

Ground rent ńkọ́? Mo rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Owó ọdọọdún tí a ń san fún ìjọba lórí ilẹ̀ ni, ó kéré débi pé àwọn èèyàn máa ń gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìjọba FCT kéde pé àwọn gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ 4,794 padà nítorí pé àwọn tó ni wọ́n ò san owó yìí fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Maitama wà níbẹ̀, Asokoro wà níbẹ̀, Wuse àti Garki wà níbẹ̀. Ààrẹ ló dá sí i lẹ́yìn ìgbà náà tí wọ́n fi fún àwọn èèyàn láyè láti wá san án. Láti ọjọ́ náà, kò sí olùrà tó lójú tí kì í kọ́kọ́ béèrè rìsíìtì ground rent. Ẹ san án títí dé ọdún tí a wà yìí, kí ẹ sì to rìsíìtì rẹ̀ jọ lọ́dọọdún. Èyí tó bá sọnù, ẹ lọ gba ẹ̀dà rẹ̀.

Development Control, àwọn tó ń ṣọ́ bí èèyàn ṣe ń kọ́lé, náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ BQ, ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé, di ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ na yàrá kan jáde sí ibi tí kò sí nínú plan, tàbí tí ẹ gbé ilé òkè lé ti ìsàlẹ̀ láìgba àṣẹ: àwọn tó ń ra ilé ní Àbújá ò tíì gbàgbé katakátá tó ń wó ilé. Wọ́n á mú plan tí wọ́n fọwọ́ sí dání, wọ́n á máa fi wé ilé. Ẹ wá plan yín. Tí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ lọ tún un ṣe tàbí kí ẹ wó o fúnra yín, tàbí kí ẹ sọ ọ́ fún olùrà kó mọ̀ kó tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ omi. Tí àgbàrá bá ń wọlé yín lásìkò òjò, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní apá Lokogoma àti Lugbe, ẹ má ṣe rò pé bí ẹ bá tà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti parí. Olùrà á béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Àwọn aládùúgbò Àbújá ò mọ orúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí omi ń gbà.

Ká wá sọ ti iye owó. Níbi yìí ni mo ti ń bá àwọn àgbà jà jù. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹnìkan kì í rí tara rẹ̀. Bàbá á ní, "Ìwọ wo ilẹ̀kùn yìí, ìrókò ni. Mo fi òógùn ojú mi kọ́ ilé yìí." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olùrà kì í san owó òógùn. Ó ń wo iye tí ilé bíi tiyín tà ní àdúgbò yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ń wo ìwé, ó ń wo ọ̀nà, omi àti iná. Iye tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí ẹni tó ń tà ń fẹ́ ni. Iye tó gbà yàtọ̀. Mo ti rí ilé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé òdòdó inú fọ́tò rẹ̀ ti gbẹ tán ní ojúde ilé gan-an. Ẹ wá estate surveyor tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa, kó wá díye lé e, kó sì fún yín ní ìwé lórí rẹ̀. Màá sọ ọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni: owó tí ẹ ó san fún un kéré sí owó tí ẹ ó pàdánù bí ẹ bá dá a lé òkè jù, tí ilé náà sì di ohun tí gbogbo àjẹ́ǹtì ti mú èèyàn wá wò tó sú wọn.

Ẹ sì ṣírò iye tó máa kù sọ́wọ́ yín. Ká ní mílíọ̀nù 80 lẹ ta ilé. Tí àjẹ́ǹtì bá gba 5 nínú ọgọ́rùn-ún bí àṣà ṣe wà, mílíọ̀nù 4 ti lọ. Owó lọ́yà tiyín wà ńbẹ̀. Gbèsè ground rent, owó iná, owó ìdọ̀tí AEPB, owó estate, gbogbo rẹ̀ lẹ ó yọ. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ta ni yóò san owó ìyọ̀ǹda Mínísítà. Olùrà ló sábà máa ń san án, ṣùgbọ́n èyí tí a ò bá kọ sílẹ̀ ló ń di ìjà. Ní ti owó orí, òfin tuntun lórí owó orí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Èrè lórí ilé tí ẹ fi ń gba ayálégbé àti èrè lórí ilé tí ẹ fúnra yín ń gbé, òfin ò fojú kan náà wò wọ́n. Ti ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ ní ìdáríjì. Ẹ bá akáńtáǹtì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àjẹ́ǹtì. Hmm. Àjẹ́ǹtì Àbújá! Ẹ sọ fún ẹnì kan láàárọ̀ pé ẹ fẹ́ ta ilé. Kó tó di ọ̀sán, ẹni ogún ló ti ń pè yín, ẹni kọ̀ọ̀kan ní òun ní olùrà tó ti mú owó dání. Ẹnì kan ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹni yẹn ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, oníkálukú ń fi owó tirẹ̀ lé e. Ilé mílíọ̀nù 80 á dé etí olùrà bíi mílíọ̀nù 95, olùrà á sì sá. Ẹ mú ẹnì kan, ó pọ̀ jù ẹni méjì. Ẹ fún un ní lẹ́tà, kí iye owó, iye tí ẹ ó san fún un àti ọjọ́ tí àṣẹ rẹ̀ máa parí wà níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó tó ń gba ọ̀nà òwò ilé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré mọ́: ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gba estate ilé 753 kan ní Lokogoma fún Ìjọba Àpapọ̀ pátápátá.

Ẹ má ṣe fi ojúlówó ìwé lé àjẹ́ǹtì lọ́wọ́. Kì báà ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, kì báà ṣe ọmọ ìjọ yín. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé fún search nìkan ni. Nítorí irú nǹkan báyìí ni àwọn onílé fi ń kọ ọ́ sára ògiri pé "This house is not for sale". Ẹnì kan ti ta ilé wọn rí nígbà tí wọ́n lọ sílé fún ọdún Iléyá.

Ní ti títún ilé ṣe, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún ibi tí omi ń jò ṣe, ẹ tún pọ́ǹpù ṣe, ẹ kun ọ̀dà sára ilé bó bá ṣe pàtàkì, ẹ gé koríko. Ẹ gbé fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ọmọ kúrò lára ògiri. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìdáná tuntun. Olùrà ní tirẹ̀ lọ́kàn. Tí wọ́n bá wá wò ó, kí ìyá má jókòó sí pálọ̀ máa sọ ìtàn bí ẹ ṣe ṣe ìsọmọlórúkọ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Wọ́n á kàn lo ìtàn yẹn láti dín owó kù ni, torí wọ́n á ti mọ̀ pé ẹ ti ń múra àtilọ.

Tí ayálégbé bá wà nínú ilé, ẹ tètè rò ó. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, òfin Àbújá fún un ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà bí àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé ọlọ́jọ́ méje tún tẹ̀ lé e kí ẹ tó lè gbé e lọ ilé-ẹjọ́. Ẹ ò lè ta ilé lóṣù yìí kí ẹ sì ní kí ó kó jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Olùrà míì wà tó fẹ́ kí ayálégbé wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló kù. Bàbá, tí ìyá bá dá owó sí ilé náà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ kí pátákó tó dé ẹnu géètì. Ẹ pe àwọn ọmọ, kódà àwọn tó wà lókè òkun. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbà, torí ilé yín ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó pe lọ́yà láti Manchester láti gbé caveat lé ilé bàbá rẹ̀ tó wà láàyè. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ilé ti kú, kò sí ẹni tó lè tà á, àkọ́bí ni o, ìyàwó ni o, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gba lẹ́tà ní ilé-ẹjọ́.

Ọjọ́ ìsanwó wá dé. Kí lọ́yà yín kọ deed of assignment, tàbí kó yẹ èyí tí tiwọn kọ wò. Ẹ má gba owó gọbọi lọ́wọ́. Òfin 2022 lórí owó àìtọ́ ò fàyè gba kí ẹnì kan san owó ọwọ́ tó ju mílíọ̀nù 5 lọ, àfi nípasẹ̀ báńkì. Kí owó wọ àkáǹtì yín, kì í ṣe àkáǹtì àjẹ́ǹtì tó ní òun máa yọ tòun kó tó fi ìyókù ránṣẹ́. Ẹ má sì gba aláàtì orí fóònù gbọ́. Ẹ bá òṣìṣẹ́ báńkì yín sọ̀rọ̀, kó sọ fún yín lẹ́nu ara rẹ̀ pé owó ti wọlé, kí ẹ tó gbé ìwé jáde. Bàbá kan fẹ́ bọ́ sí irú páńpẹ́ yìí ní ọ́fíìsì mi: aláàtì dún, olùrà ti dìde, ó ti ń kí wa kú oríire, ó na ọwọ́ sí àpò ìwé. Mo ní kó jókòó ká jọ mu omi. A mu omi. Owó ò wọlé. Ó ní òun fẹ́ lọ wo mọ́tò òun, kò sì padà.

Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ jẹ́ n gba ìbéèrè.

Ìyá kan béèrè pé: olùrà òun ní òun máa san ìdajì báyìí, ìdajì yòókù lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó wọlé lọ́la. Ṣé kóun gbà?

Mà, ẹ lè gba ìdajì, ẹ má gbà kó wọlé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ àdéhùn títà, kí ọjọ́ tó máa san ìyókù wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye tí ẹ máa mú kúrò nínú àsansílẹ̀ rẹ̀ tó bá yẹ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ sí deed. Ojúlówó ìwé á wà lọ́wọ́ lọ́yà yín, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ ẹ̀yin. Bó bá wọlé tán tó ní owó ò tíì jáde, ẹ ti ní ayálégbé tí kì í san owó ilé nìyẹn, ilé-ẹjọ́ lẹ ó sì gbà kí ẹ tó rí i lé. Tó bá bẹ̀ yín títí pé òun ò ríbi kó ẹrù sí, ẹ sọ fún un pé lọ́yà yín ló sọ pé rárá. Àwa la máa ń gba ìbínú, ara iṣẹ́ ni.

Bàbá kan ní òun ti rí olùrà, wọ́n ti sanwó, wọ́n ti kó ìwé lọ, àmọ́ iná ńkọ́?

Ẹ ya fọ́tò mítà iná lọ́jọ́ tí ẹ bá fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí nọ́ńbà mítà àti iye tó kù lórí rẹ̀ hàn. Ẹ jọ lọ sí AEDC, iléeṣẹ́ iná, láti yí orúkọ padà, àti Water Board. Mo mọ ẹni tí wọ́n ṣì ń fi ìwé owó omi ránṣẹ́ sí ní Ìkìrun lórí ilé tó ti tà ní Garki. Kí ẹ gba ẹ̀dà deed tí wọ́n ti fọwọ́ sí, kí ẹ sì máa bi olùrà léèrè bóyá ó ti gbé e lọ fún ìyọ̀ǹda, torí títí tí yóò fi ṣe é, orúkọ yín ló ṣì wà ní AGIS, àwọn ìwé ground rent á sì máa jáde lórúkọ yín.